Ojú Rẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò: Títún Tẹlifíṣọ̀n Aláwọ̀ Àtijọ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí àárín àwùjọ lónìí jẹ mọ́ àpótí kan tí ó ṣì wà ní igun pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Gánmọ títí dé Òmù-Àrán àti Èsìẹ́. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni, èyí tí bàbá rà ní ìgbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú, tí ìyá fi aṣọ léèsì bò, tí àwọn ọmọ kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn. Àpótí náà ti kú. A ti gbé èyí tí ó pẹlẹbẹ kọ́ sí ara ògiri. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri láti ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù sì ń kọjá ní ìta lójoojúmọ́. Ṣé kí a tà á fún wọn ni, tàbí kí a wá ẹni tí yóò tún un ṣe? Bí a óò bá sì tún un ṣe, kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe, kí sì ni a kò gbọdọ̀ dán wò rárá?

Kí a tó dá ìbéèrè wọ̀nyí lóhùn, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan nínú èdè wa. Ọ̀rọ̀ kan náà, "wò", ni Yorùbá ń lò fún ẹni tí ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n àti fún oníṣègùn tí ó dúró ti aláìsàn. A ń wo àwòrán, a sì ń wo àìsàn. Ní ti tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, iṣẹ́ méjèèjì di ọ̀kan, nítorí pé ojú rẹ̀ ni ó fi ń sọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Ẹni tí ó bá mọ ojú náà kà yóò ti fura sí ibi tí àìsàn wà kí ó tó mú sikurudíráfà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà ni yóò máa yọ èyí, tí yóò máa fi tọ̀hún rọ́pò, títí ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò fi bàjẹ́.

Ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwòrán dúdú àti funfun ni a ń wò nígbà náà. Ọdún 1974 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Benue-Plateau ní ìlú Jos bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán aláwọ̀ ránṣẹ́, àwọn ibùdó yòókù sì tẹ̀lé e. Ìlànà tí Nàìjíríà mú lò ni èyí tí a ń pè ní PAL, tí Walter Bruch, ọmọ Jámánì tí ó ń bá ilé iṣẹ́ Telefunken ṣiṣẹ́ ní ìlú Hannover, fi han gbogbo ayé ní ọdún 1963. Nínú ìlànà yìí, ìlà 625 ni a fi ń ya àwòrán kọ̀ọ̀kan, àwòrán 25 ni a sì ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 25 sọ 625 di púpọ̀, ẹ óò rí 15,625. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn, a óò tún padà bá a.

Nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ olówó ńlá tí ó dé ilẹ̀ wa, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àgbà láàárín wọn ni Trinitron ti ilé iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáànù, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1968. Ẹ lè dá a mọ̀ láìka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mìíràn a máa yọ gọngọ níwájú bí ẹ̀yìn igbá, ṣùgbọ́n ojú Trinitron dà bí ara àgbá tí a dá dúró: ó tẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kò tẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ojú àwọn yòókù, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí a lu ní ihò wẹ́wẹ́ àìmọye, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀já irin tín-ín-rín tí a nà ní òòró ni Sony lò. Kí àwọn ọ̀já wọ̀nyí má baà máa gbọ̀n, wáyà kan tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ dábùú wọn. Tẹlifíṣọ̀n ńlá a ní méjì. Bí àwòrán bá funfun, wáyà yìí a máa hàn bí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gba ojú tẹlifíṣọ̀n kọjá. Bí wọ́n ti ṣe é láti ilé iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láti mú ìlà náà kúrò, olè ni.

Báwo wá ni àwọ̀ ṣe ń jáde? Ní inú ọrùn tíúbù, ìyẹn ìgò ńlá tí ojú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ iwájú rẹ̀, orísun mẹ́ta wà tí ń tu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde bí iná bá ti mú wọn gbóná. Ọ̀kan wà fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Wáyà tí a lọ́ mọ́ ọrùn tíúbù náà ń di òòfà nígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, òun ni ó ń darí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọlu ẹ̀yìn gíláàsì iwájú, níbi tí a kun lẹ́búlẹ́bú fọ́sífọ̀ sí, lẹ́búlẹ́bú náà a tàn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò láti tú ohunkóhun. Kí ó fi orí ìka kán omi bíńtín, tí kò tó èyí tí yóò ṣàn, sí ojú tẹlifíṣọ̀n tí ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kán omi náà yóò ṣe bí awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Níbi tí àwòrán ti funfun, a óò rí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbi tí ó ti jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, búlúù yóò ti kú, pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ni yóò kù. Aláró ní Òṣogbo mọ̀ pé bí òun bá ṣe ń po àwọ̀ mọ́ àwọ̀ ni aṣọ ń dúdú sí i. Ìmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, bí a bá ṣe ń pò ó ni ó ń funfun sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí bí wọ́n bá ti fi ojú ara wọn rí i.

Wàyí o, kí a tó sọ nípa ṣíṣí ẹ̀yìn àpótí, ọ̀rọ̀ ikú wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi bò. Iná tí ó ń wọlé láti ara ògiri jẹ́ fóòtì 230. Ní kété tí ó bá wọ inú àpótí tí a sì yí i padà sí iná ojú-kan, ó di nǹkan bí fóòtì 325 nínú kapásítọ̀ ńlá. Èyí nìkan tó láti pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ń ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ síwájú nínú tíúbù lè tó fóòtì 25,000. Tíúbù náà fúnra rẹ̀ a máa tọ́jú iná yìí pamọ́, nítorí pé a kun inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí kapásítọ̀. A lè yọ púlọ́ọ̀gì lónìí, kí iná ṣì wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan sì tún wà tí irin inú wọn so mọ́ wáyà iná ògiri tààrà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a ṣe ki púlọ́ọ̀gì bọ ihò ni yóò sọ bóyá irin náà lè gbé ènìyàn tàbí kò lè gbé e.

Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì. Yóò so wáyà kan mọ́ okùn irin tí ó yí ẹ̀yìn tíúbù ká, yóò so orí kejì rẹ̀ mọ́ ara sikurudíráfà gígùn tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ike líle. Yóò wá ti ẹnu sikurudíráfà náà bọ abẹ́ fìlà rọ́bà tí ó wà lára tíúbù. A óò gbọ́ "pà!" lẹ́ẹ̀kan. Yóò dúró díẹ̀, yóò sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, nítorí iná a máa ṣẹ́ kù. Yóò sì tún fi mítà wo kapásítọ̀ ńlá láti mọ̀ bóyá ó ti ṣófo. Bí ó bá di dandan kí ó wọn nǹkan nígbà tí iná wà nínú ẹ̀rọ, yóò ki ọwọ́ kan bọ inú àpótí, yóò sì fi èkejì sí àpò, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kì í dá a ṣe. Ẹnì kan yóò wà nítòsí tí ó mọ ibi tí a ti ń pa iná. Bí ó bá sì fẹ́ rí ojú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, dígí ni yóò gbé síwájú rẹ̀, kò ní na ọrùn kọjá lórí rẹ̀.

Ti gíláàsì náà tún wà. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú tíúbù, afẹ́fẹ́ ìta sì ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. Lórí ojú tẹlifíṣọ̀n tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 tí ó sì ga ní 40, ìwúwo tí ń tẹ̀ ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì. Bí ọrùn rẹ̀ bá kán lójijì, gíláàsì lè fọ́ wọ inú kí ó sì ta jáde bí ọta ìbọn. A kì í fi ọrùn gbé tíúbù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbọ́ wa, ohun tí a ń ṣe àlàyé rẹ̀ yìí wà fún ìmọ̀. Ẹ má ṣe lọ tú ti bàbá yín.

Ohun kejì tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí a gbé tẹlifíṣọ̀n tí ó ti sùn fún ọdún mẹ́wàá láti inú àjà, kí a nu eruku rẹ̀, kí a sì ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ògiri lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kapásítọ̀ tí ó ní omi kẹ́míkà nínú a máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí iná ńlá bá bá a lójijì, ó lè bẹ́. Aáyán, èèrà àti ọmọ́nílé pẹ̀lú a máa fi inú àpótí ṣe ilé, ọmọ́nílé kan tí ó gbẹ sí àárín ojú wáyà méjì sì tó láti mú kí fíúsì jó. Kí a kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí a máa fi gílóòbù alátijọ́, oníwáyà gbígbóná, sí ojú ọ̀nà iná tí ń lọ sínú tẹlifíṣọ̀n. Bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò sì rẹlẹ̀, iná ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan gbà nínú ẹ̀rọ, kí a yára pa á. Bí ó bá tàn, tí ó sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkàn lè balẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò ní gbéra bí gílóòbù bá kéré jù. Èyí kì í ṣe àìsàn, ebi iná ni ó ń pa wọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ojú náà.

Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá tàn rárá, kí a yọ fíúsì, kí a gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Fíúsì tí gíláàsì rẹ̀ dúdú bí èédú ń sọ pé iná rọ́ wọlé pẹ̀lú ipá: ohun kan ti so pọ̀ mọ́ ohun kan níwájú. Fíúsì tí wáyà rẹ̀ kàn já jẹ́ẹ́jẹ́, tí gíláàsì rẹ̀ sì mọ́, lè jẹ́ pé ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó pé. Ẹni tí ó fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì dúdú ti fi ilé sínú ewu iná.

Bí ohùn bá wà tí àwòrán kò sí, kí a pa ìmọ́lẹ̀ yàrá, kí a wo inú ihò ẹ̀yìn àpótí. Ǹjẹ́ iná pupa rẹ́súrẹ́sú ń jó nínú ọrùn tíúbù? Nígbà tí a tan ẹ̀rọ, ǹjẹ́ irun apá dìde bí a ti sún mọ́ gíláàsì iwájú? Bí irun apá bá dìde, iná ńlá ti dé ojú tíúbù, ibòmíràn ni kí a wá àìsàn lọ. Níhìn-ín ni iye tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn ti wúlò. Ìgbà 15,625 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni òòfà ń fa ìlà láti òsì sí ọ̀tún, agbára iṣẹ́ náà ni a sì fi ń ṣe fóòtì 25,000 nínú tiransfọ́mà kékeré kan. Tiransfọ́mà yìí a máa súfèé. Ọmọdé a máa gbọ́ ọ, àgbàlagbà kì í sábà gbọ́ ọ, nítorí etí a máa sọ ohùn tín-ín-rín nù bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀. Ọmọ tí ó bá sọ láti yàrá kejì pé "Tẹlifíṣọ̀n ti tàn" kí ohùn kankan tó jáde, kì í ṣe àjẹ́. Atúnrédíòṣe tí ó gbọ́n a máa fi etí ọmọṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jù wá súfèé náà.

Bí gbogbo àwòrán bá sún kì di ìlà funfun kan ṣoṣo tí ó dábùú àárín, a mọ̀ lójú kan náà pé apá tí ń fa àwòrán láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni ó dákẹ́. Ẹ yára dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, nítorí pé gbogbo agbára tí ó yẹ kí ó tàn káàkiri ojú ti kó jọ sí ojú kan, yóò sì jó fọ́sífọ̀ ibẹ̀ títí láé. Bí ọ̀já dúdú tí ó fẹ̀ bá ń rìn lọ sókè lórí àwòrán, tí ẹ̀gbẹ́ àwòrán sì ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, kapásítọ̀ ńlá ni ó ti gbẹ, kò lè mú iná dúró ní ojú kan mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ó dùn jù láti kà. Bí ohun funfun bá di àwọ̀ ìyeyè, búlúù ti kú. Bí ó bá di àwọ̀ omi òkun, pupa ni ó kú. Bí ó bá di àwọ̀ tí ó wà láàárín pupa àti búlúù, àwọ̀ ewé ni kò sí. Bí àwọ̀ kan bá wá gba gbogbo ojú kan, tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú rẹ̀, kò kú ní tirẹ̀, ìjánu rẹ̀ ni ó já: tiransísítọ̀ tí ń darí rẹ̀ ti jóná, tàbí kí nǹkan ti kan ara wọn nínú ọrùn tíúbù. Bí ó bá jẹ́ àbàwọ́n aláwọ̀ ni ó wà ní igun kan, tí ojú olùka-ìròyìn di àwọ̀ ewé nígbà tí ó bá bọ́ sí igun náà, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ wò ó bóyá a gbé ẹ̀rọ ìlù, tí ó ní òòfà ńlá nínú, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irin inú tíúbù ti di òòfà ni. Wáyà ńlá kan wà tí ó yí tíúbù ká, tí ń pa òòfà yìí ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ pé a kì í pa ẹ̀rọ láti ìdí rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́; bí a bá pa á, tí a jẹ́ kí ó tutù fún nǹkan bí ìlàjì wákàtí, tí a sì tún un tan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, àbàwọ́n náà lè lọ láìná kọ́bọ̀.

Ọ̀kan tún wà tí ó máa ń ná àwọn ènìyàn ní owó lásán. Àwòrán mọ́, ohùn dára, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni. Oníbàárà yóò ní àwọ̀ ti bàjẹ́. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti ṣe ẹ̀rọ náà láti máa pa àwọ̀ fúnra rẹ̀ bí ohun tí ó ń gbà láti afẹ́fẹ́ bá ti rẹ̀ jù, kí àwọ̀ wẹ́wẹ́ má baà da àwòrán rú. Nítorí náà, ẹ gun òkè kí ẹ wo ẹ́ríà kí ẹ tó tú ẹ̀yìn àpótí. Bí ọyẹ́ àti òjò bá ti jẹ ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn, ibẹ̀ gan-an ni àwọ̀ kú sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìlà kan kún, ìlà kejì ṣá, bí ìran aṣọ tí a fi òwú méjì hun, ìṣòro PAL gan-an ni. Bruch ṣe ìlànà rẹ̀ pé kí ẹ̀rọ fi ìlà kan pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó fi wé èyí tí ó tẹ̀lé e, kí àṣìṣe èkíní sì pa ti èkejì rẹ́. Gíláàsì kékeré kan ni ó ń ṣe ìpamọ́ yìí. Bí òun tàbí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá yẹ̀, ìlà wọ̀nyí yóò hàn. Orúkọ ìlú Hannover ni wọ́n fi ń pe ìlà náà káàkiri àgbáyé.

Lẹ́yìn ojú, ó ku inú. Ibi tí mo máa ń rọ àwọn ọ̀dọ́ láti kọ́kọ́ wò nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kì í ṣe tiransísítọ̀, bí kò ṣe ibi tí a ti fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ wọn mọ́ pátákó. Ohun tí ó wúwo tí ó sì ń gbóná, bíi tiransfọ́mà kékeré tí a sọ níṣàájú, a máa na lẹ́ẹ̀dì nígbà tí ó bá gbóná, a sì máa fà á padà nígbà tí ó bá tutù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, òrùka tín-ín-rín kan yóò là yí ẹsẹ̀ náà ká, tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ bí a bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó sì tún ń kú ní alẹ́. Kí a fi awò wá a, kí a fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò, kí a sì jó tuntun sí i.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ a máa mú kí èyí yára. Gánmọ fúnra rẹ̀ ni ẹ lè fi ṣe àpẹẹrẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ibùdó iná ńlá kan wà níbẹ̀, tí okùn fóòtì 330,000 ti ń wọlé láti Jẹ́bà, tí ó sì tún ń lọ sí Òṣogbo. Àjèjì lè rò pé ẹni tí ó bá ń gbé ẹ̀bá irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò ní mọ iná tí kò lágbára. Ṣebí a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ṣùgbọ́n iná ilé kò ti ibẹ̀ wá tààrà. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 132,000, a ó tún sọ̀ ọ́ sí 33,000, yóò sì tún rẹlẹ̀ kí ó tó dé tiransfọ́mà àdúgbò, kí ó tó wá gba orí òpó dé ilé. Ilé tí ó bá wà ní ìparí okùn, níbi tí ogójì ilé ti mu níwájú rẹ̀, lè gba fóòtì 150 ní alẹ́ kí ó sì gba 250 ní òru. Bí iná NEPA bá lọ (orúkọ tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di PHCN ní ọdún 2005), kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a má sì dá a padà títí iná yóò fi dé tí yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Sitebiláísà dára, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa àrá tí ó gba ẹ́ríà wọlé. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kí a yọ ẹ́ríà pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí a kò lè tún ṣe, ìyẹn ni tíúbù tí ó ti rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó mú àwòrán wá. Bí a bá gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, ibi funfun yóò máa dán bí fàdákà, àwòrán yóò sì máa fẹ̀ kọjá ààyè rẹ̀. Àwọn kan a máa fi iná púpọ̀ sí ọrùn rẹ̀ láti jí i. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ìgbà tí a bá ń na ẹṣin tí ó ti rẹ̀ ni: yóò sáré dé ìkòríta kan, kò ní kọjá ibẹ̀. Ó sàn kí a wá tíúbù láti ara tòkunbọ̀ tí pátákó rẹ̀ ti jóná, nítorí pé ilé iṣẹ́ Sony ti dáwọ́ ṣíṣe Trinitron dúró ní ọdún 2008. Ẹni tí ó bá wá sọ pé òun yóò fi kún fóòtì 25,000 náà kí àwòrán lè mọ́ sí i, kí a gba ẹ̀rọ wa lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iye náà bá ti kọjá ààlà, tíúbù lè bẹ̀rẹ̀ sí tú irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn jáde, ìdí nìyẹn tí a fi fi ohun tí ń pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sínú àwọn tẹlifíṣọ̀n olówó ńlá. A kì í yọ ohun náà kúrò.

Ṣé kí a wá tún un ṣe? Bí tíúbù bá ṣì lágbára, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí ó ti kú pátápátá, kí a má ṣe fọ́ ọ nídìí àkìtàn láti yọ bàbà inú rẹ̀, kí a má sì ṣe jó wáyà rẹ̀ níbi tí ọmọdé wà. Òjé wà nínú gíláàsì ẹ̀yìn tíúbù, òjé a sì máa wọ inú ilẹ̀ àti omi, a máa ṣe ọpọlọ ọmọdé ní ibi. Kí a fi í odindi fún ẹni tí ó ní àyè láti tú u bí ó ti yẹ. Èyí tí a bá tún ṣe kò ní wúlò fún ohun tí a rà á fún tẹ́lẹ̀ nìkan. Láti ọdún 2016, bẹ̀rẹ̀ láti Jos, ni Nàìjíríà ti ń kúrò lórí ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ àtijọ́, àpótí kékeré kan ni yóò sì máa túmọ̀ èdè tuntun fún tẹlifíṣọ̀n àgbà yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́, ó tún lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: òòfà, ìmọ́lẹ̀, ìgbọ́ràn, ìṣirò àti ìwà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà nínú àpótí kan ṣoṣo tí ó ń ṣiṣẹ́, tí a kò sì tú. Ní Èsìẹ́, níbi tí a ti dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1945, a kò sọ ère òkúta nù nítorí pé orí rẹ̀ kán.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí a má ṣe yára gbé e fún oníbàárà. Kí a dé ẹ̀yìn rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí ìgbà tí ooru bá há mọ́ inú àpótí ni àìsàn tí ó fara pamọ́ ń jáde. Kí a gbé e pẹ̀lú ojú rẹ̀ sí àyà, nítorí iwájú ni ó wúwo sí. Kí a tó dé ẹ̀yìn àpótí náà fún ìgbà ìkẹyìn, kí a mú gègé, kí a kọ ọjọ́ òní, fóòtì tí a wọ̀n, àti orúkọ ohun tí a pààrọ̀ sí inú ìdérí rẹ̀, ní ibi tí ẹni tí yóò tún un ṣí lẹ́yìn wa yóò ti kọ́kọ́ rí i.